Wáyà Tí Mo Fà Sára Irin Kànga

Ọlọ́run ló mọ̀ pé olè ni mo fa wáyà yẹn sílẹ̀ dè. Mo máa ń sọ ọ́ fún ara mi báyìí, kò sì dín nǹkan kan kù nínú ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n jí pọ́ńpù kànga mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, nínú ilé mi tó wà lẹ́yìn Sábó. Àkọ́kọ́, mo fara mọ́ ọn. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní Ọ̀yọ́ ni. Kí n tó padà dé, wọ́n ti tú u lọ, wọ́n tún gé páìpù mọ́ ọn. Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun. Mo ra òmíràn, mo ní kí wẹ́dà fi irin ṣe àgò bò ó, lẹ́bàá ẹnu kànga gan-an. Síbẹ̀, ọkàn mi ò balẹ̀.

Mo pe oníná tó máa ń tún iná ilé mi ṣe, mo ní kó bá mi fa iná sára irin náà. Ó wò mí lójú.

"Alhaji, ẹ dákun, mi ò ní ṣe é o. Ẹni tí iná yẹn bá pa, kódà kó jẹ́ olè paraku, ẹ̀yin lòfin máa mú. Wọ́n á sì bèèrè ẹni tó bá yín ṣe é."

Mo bú u. Mo ní ojo ni. Mo ní ṣé òfin ló máa bá mi ṣọ́ pọ́ńpù ni? Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun! Bó ṣe lọ tán, mo fọwọ́ ara mi fa wáyà láti sọ́kẹ́ẹ̀tì yàrá mi, mo gbé e gba ojú fèrèsé dé ara irin àgò náà. Èmi télọ̀, kí ni mo mọ̀ nípa iná?

Bí mo bá fẹ́ sùn, màá kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí mo bá jí kírun àsùbáà, màá yọ ọ́, kí n tó ṣí géètì, torí gbogbo àdúgbò ló ń pọnmi ní kànga mi. Bàbá mi ò fi omi du ẹnikẹ́ni rí, èmi náà ò jẹ́ ṣe é. Ṣùgbọ́n mi ò sọ ọ̀rọ̀ wáyà fún ẹnikẹ́ni, nítorí mo rò pé bí mo bá sọ ọ́, olè á gbọ́. Ẹ ò rí ọgbọ́n òmùgọ̀!

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan, mo jí, kò síná. Mo ní kí ni mo tún fẹ́ yọ, nígbà tí kò síná? Mo ṣí géètì, mo gba ṣọ́ọ̀bù mi lọ ní Takie. Nígbà tó yá, mo gbọ́ táwọn ọmọ ń pariwo, "Iná ti dé!" Inú mi tilẹ̀ dùn. Mo ti ran apá ẹ̀wù kan tán kí wáyà tó sọ sí mi lọ́kàn. Mo fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ gbayawu, mo fò sórí ọ̀kadà.

Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Opó kan tó ń gbé ojúlé kejì sí wa, ìyá aládùúrà, ló wá pọn omi tí wọ́n fẹ́ gbàdúrà sí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Aṣọ funfun wọn ló wà lọ́rùn ẹ̀, wọn kì í sì í wọ bàtà sí i. Ẹsẹ̀ lásán, lórí sìmẹ́ńtì tútù, ó gbọ́wọ́ lé irin kó lè fa omi sókè. Igi ni ìyàwó mi fi tì í kúrò lára irin náà. Àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún ẹ̀ ti dúdú.

Èmi ni mo gbé e dé ọsibítù. Dókítà ní ìka méjì ò ní ṣeé gbà là. Nọ́ọ̀sì wá ní àwọn ti pe ọlọ́pàá, pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn bí iná bá gbé èèyàn. Ọ̀rọ̀ oníná ń dún létí mi, mo ń rí ara mi níwájú adájọ́. Kí n tó mọ̀, mo ti dọ̀bálẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì.

"Ìyá, ẹ ṣàánú mi. Ẹ má sọ pé wáyà mi ni. Ẹ ní áyọ́ọ̀nù ló gbé yín nílé yín."

Ó wò mí. Ojú ẹ̀ gbẹ.

"Ẹ jáde ná," ló wí. "Ẹ bá mi pe nọ́ọ̀sì kó wá bọ́ aṣọ yìí lọ́rùn mi. Mi ò lè purọ́ nínú ẹ̀."

Ó yẹ kí n sọ pé kó má bọ́ ọ mọ́. Mo lọ pe nọ́ọ̀sì.

Nígbà tí ọlọ́pàá dé, ìró àti bùbá ló wà lára ìyá. Ó ní áyọ́ọ̀nù ni. Ọlọ́pàá kọjú sí mi.

"Alhaji, ṣé bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyá kọjú sí ògiri. Ọlọ́pàá bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní aládùúgbò tó máa ń gbé ọmọnìkejì ẹ̀ wá sí ọsibítù ti ṣọ̀wọ́n láyé ìsinsìnyí, pé kí Ọlọ́run san mí lẹ́san.

Mo ṣe àmín.