Ìwé tí Ràímì ń kà nídìí ẹ̀gẹ́

Òórùn ẹsáǹsì, epo bẹntiróò, tó ta sílẹ̀ lórí zémì, ọ̀kadà tó gbé e wá, ló wà lára ìwé tí Ṣàkírù, ọmọ ọmọ mi, gbé lé mi lẹ́sẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ó ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ n kà á fún yín. Àwọn sójà tó máa gbàjọba lọ́jọ́ iwájú ló wà níbẹ̀. Ó dùn gan-an!" Inú bí mi débi pé mo gbá ìwé náà dànù.

Irú òórùn yẹn náà ló wà lára ìwé ẹ̀gbọ́n mi, Ràímì. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí mo wà lọ́mọdé, à ń bẹ ẹ̀gẹ́, oje rẹ̀ ń gbẹ mọ́ mi lọ́wọ́, Ràímì sì ń tú Faransé inú ìwé náà, ìtàn ogun ọjọ́ iwájú, sí èdè wa.

Àǹtí Sìkírá tá a jọ ń bẹ ẹ̀gẹ́ ní, "Ràímì, ìwọ tí ewúrẹ́ ń lé, ìwọ lò ń ka ogun!"

"Àǹtí, wọn ò tíì jà á o. Ó ṣì ń bọ̀ ni."

Àwọn sójà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàjọba nígbà náà wà ní bọ́dà. Méjì nínú wọn yà wọlé. Ọ̀kan gba ìwé náà, ó wo àwòrán ìbọn ara èèpo rẹ̀, ó ní ṣé ó dùn.

"Ó dùn, ọ̀gá! Ẹ kà á!"

"Bọ̀n, ó dáa. Wá ká jọ lọ kà á."

Inú mi dùn, mo rò pé ìtàn ló wù ú. Ìyá mi fi ọmọrí dé oúnjẹ Ràímì dè é.

Wọn ò fi òkú rẹ̀ hàn wá.

Láàárọ̀ yìí, Ṣàkírù ń mú ìwé rẹ̀ nílẹ̀, ó ní kí lòun ṣe.

Mo ní, "Kí ló dùn níbẹ̀? Dá mi lóhùn, kí ló dùn?"