Àǹtí Lọ́mọ Mi Ń Pè Mí

Ọmọ mi kì í pè mí ní mọ́mì. Àǹtí ló ń pè mí. Òfin ilé-ìwé wa ni: tíṣà tí ọmọ ẹ̀ bá wà ní kíláàsì ẹ̀ ò gbọdọ̀ jẹ́ kó pe òun ní mọ́mì, kí àwọn ọmọ yòókù má baà bú sẹ́kún pé àwọn fẹ́ ìyá tàwọn. Ó bọ́gbọ́n mu. Àmọ́ ọmọ ọdún mẹ́ta ò mọ ibi tí òfin parí sí. Àǹtí yẹn náà ló bá mi délé.

Ọdún kẹfà rèé tí mo ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi kan níbí ní Ìwó. Ìwé tí mo ní ò ju Wáẹ́ẹ̀kì lọ. Kí n nu ikun, kí n fọ ìdí, kí n kọrin, kí n tún nu ikun. Tó bá fi máa di aago méjì ọ̀sán, ẹ̀yìn mi á ti gan.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan dé láti Àbújá. Ọmọ Ilé-Ogbó ni, ìjọba àpapọ̀ ló ń bá ṣiṣẹ́. Ó wá wo bí a ṣe ń tọ́jú àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì mi tí kì í sọ̀rọ̀. Mi ò bẹ̀ ẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ìkáwọ́ ẹ̀ ni mo fi kọ́ọ̀bù gbogbo wọn sí, pé kó máa pín in. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ẹnì kan fẹ́ já kọ́ọ̀bù gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó bá pariwo: "Kì í ṣe tìẹ! Olè!"

Nígbà tí mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọmọ náà fún obìnrin yẹn, ó rẹ́rìn-ín títí, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí àwọn ọmọ ń sùn, ó jókòó sórí àga wọn, orúnkún ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. "Ta ló kọ́ ẹ níyẹn?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, mà."

Ó ní irú mi ni àwọn ń wá l'Ábújá. Ó ní àwọn kan ń kọ ohun tí àwọn ọmọ gbogbo Nàìjíríà máa kọ́ kí wọ́n tó wọ ìwé kìíní, àwọn kan ń lọ yẹ ilé-ìwé wò, àwọn kan ń kọ́ àwọn tíṣà. Kí n lọ gba NCE, kí n gba dìgírì lé e.

"Ẹ̀yin náà ńkọ́, mà? Ṣé ẹ ń gbádùn ẹ̀?"

Ó wo àwọn ọmọ tó sùn lọ. "Iṣẹ́ gidi ni. Àmọ́ ó ti pẹ́ tọ́mọdé ti nu ikun mọ́ mi láṣọ." Ó ní ọ̀dọ̀ màmá òun l'Ílé-Ogbó ni òun fi àwọn ọmọ òun sí nígbà tí òun ń lé ìwé kiri. "Màmá mi ni wọ́n ń pè ní mọ́mì títí dòní. Èmi ni Àǹtí Àbújá."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Fọ́ọ̀mù NCE méjì ló fún mi. Ọ̀kan, ibi tó jìnnà ni, wọ́n á gba èèyàn sí họ́sítẹ́ẹ̀lì, á sì tètè parí. Èkejì, ìgbà ọlidé nìkan ni wọ́n ń kọ́ni, nítòsí ilé, á sì pẹ́ gan-an.

Ọkọ mi, tó ń wa kẹ̀kẹ́, ní, "Ìjọba àpapọ̀! Ìwọ tó sọnù l'Óṣogbo níjelòó!" Lẹ́yìn náà ló wá fara balẹ̀. "Ta ló máa mú ọmọ?"

"Ìyá mi ṣáà wà ní Kuta."

Ó mú kọ́kọ́rọ́ kẹ̀kẹ́ ẹ̀, ó jáde. Mi ò sì tún un sọ mọ́.

Ní Sátidé, mo jókòó síwájú ilé, fọ́ọ̀mù méjèèjì wà lórí itan mi. Ọmọ mi fa ìró mi.

"Àǹtí, mo fẹ́ tọ̀."

Mo gbé e lọ sẹ́yìnkùlé. Nígbà tó tọ̀ tán, ó fara tì mí bí ẹni tí kò léegun, ó sì nu ikun mọ́ mi léjìká, dáadáa, ihò méjèèjì.

Mo padà wá jókòó. Mo ká fọ́ọ̀mù họ́sítẹ́ẹ̀lì sábẹ́ àga, mo sì kọ orúkọ mi sí ti ọlidé. Wọ́n bi mí nínú ẹ̀ pé iṣẹ́ wo ni mo fẹ́ ṣe lọ́jọ́ iwájú. Mo kọ ọ́ gàdàgbà pé ìjọba àpapọ̀ ni. Ó ṣeé ṣe kí n ti hewú kí n tó débẹ̀. Ó ti rẹ̀ mí kí n tó fọwọ́ sí i.