Ooru Kọ́ Ló Pa Bátìrì Oníṣúgà Mi

Aago mẹ́jọ ku ogún ìṣẹ́jú ni, ní àárọ̀ Ọjọ́rú, nígbà tí mo ṣí agolo bisikíìtì tí mo ń kó iṣẹ́ mi sí, tí òórùn sípíríìtì sì gbá mi nímú. Mo rántí àkókò náà nítorí pé ojoojúmọ́ ni mo máa ń kọ ọ́ sínú ìwé kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mi ò bá ṣàlàyé dáadáa, ẹ ó rò pé nítorí nǹkan kékeré ni mo ṣe ń bínú.

Bàbá mi, tó ń gbé ní Òsì, ní ìtọ̀ ṣúgà. Ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn kì í ṣiṣẹ́ mọ́ tí bátìrì rẹ̀ bá ti tán, irú bátìrì pẹlẹbẹ bẹ́ẹ̀ sì ṣọ̀wọ́n lágbègbè wa. Nígbà kan, a wá a dé Ìlọ́fà, a wá a dé Odò-Ọwá, nínú òjò, lójú ọ̀nà tó ti di ẹrẹ̀. Èyí tí a padà rí ti kú sínú páálí rẹ̀. Inú bí mi lọ́jọ́ náà. Ṣúgà kún inú ẹ̀jẹ̀ bàbá mi ju bó ṣe yẹ lọ, ṣúgà sì ni ohun tó ń fún ara lágbára. Kí ló dé tí ẹ̀rọ tó ń wá ṣúgà kò lè jẹ ṣúgà náà, kó fi ṣiṣẹ́?

Ìbéèrè yìí ni mo gbé lọ sí yunifásítì, mo sì rí i pé àwọn ènìyàn ti ń bi í tipẹ́. Ẹ́ńsáímù ni wọ́n ń lò. Tí ẹ bá jẹ iṣu lẹ́nu títí tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn bí ìgbà tí wọ́n fi ṣúgà sí i, ẹ́ńsáímù inú itọ́ yín ló ń fọ́ ọ. Irú mìíràn wà tó máa ń fọ́ ṣúgà, tí iná díẹ̀ á sì jáde níbẹ̀. A máa ń lẹ ẹ́ mọ́ ara èédú tí wọ́n ṣe pẹlẹbẹ, tó fẹ́lẹ́ bí ìwé. Èédú yìí á gba iná náà, á gbé e fún ẹ̀rọ. Iná ọ̀hún kéré, kò lè tan gílóòbù, ṣùgbọ́n ó tó fún ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ṣúgà.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹ́ńsáímù kì í fẹ́ ooru. Olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ mi sọ fún mi pé, "Tí kò bá lè wà láìsí fíríìjì, ti ìlú ńlá nìkan ni. Gbé e lọ sí abúlé yín. Tó bá lo ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n tí kò kú, mo máa fún ọ láyè ní yàrá ìwádìí wa. Tó bá kú, ẹlòmíràn ń dúró de àyè náà." Abúlé! Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo gbé e mì.

Ilé ìwòsàn kékeré kan ni mo kó pẹlẹbẹ èédú mẹ́wàá lọ. Mi ò ní dárúkọ ìlú tó wà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wádìí. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin ni olórí ibẹ̀. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo gbé ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà ní sẹ́kọ́ńdírì. Wọ́n fún mi ní igun tábìlì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, níbi tí ooru ti ń mú jù, bí mo ṣe fẹ́ ẹ gan-an. Láràárọ̀, màá kán omi ṣúgà sórí àwọn pẹlẹbẹ náà, iná pupa kékeré á tàn lára ẹ̀rọ, màá kọ ọ́ sílẹ̀, Àǹtí á sì fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí.

Bàbá àgbàlagbà kan tó máa ń wá wo ẹ̀jẹ̀ ríru sọ ọ́ di àwàdà.

"Ọmọ yunifásítì, ṣé ó ti mu tíì?"

"Ó ti mu ún, Bàbá."

"Bá a fi mílíìkì sí i. O ò rí bó ṣe rù?"

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni iná náà fi tàn. Mo fẹ́ kí ẹ rántí iye ọjọ́ yẹn. Ní igun kan náà, àbẹ́là tí wọ́n gbé sórí fèrèsé ti yọ́, ó ti tẹ̀ kọrọdọ, síbẹ̀ iná tèmi ń tàn. Tí mo bá wà lórí ọ̀kadà tí mo ń padà sí Òsì, mo máa ń rẹ́rìn-ín lémi nìkan. Mi ò tíì rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti gboyè.

Ọjọ́rú yẹn ni ogúnjọ́. Mo kán omi ṣúgà, kò tàn. Mo gbé òmíràn, kò tàn. Mo gbé mẹ́wẹ̀ẹ̀wá.

"Ó ní òun ò mu tíì lónìí?" Bàbá náà béèrè láti orí bẹ́ńṣì. Mo yíjú sí Àǹtí.

"Àǹtí, ta ló fọwọ́ kan agolo mi?"

"Èmi ni. Èèrà ti bò wọ́n lánàá, àwọn alábẹ̀wò sì ń bọ̀ láti ìjọba ìbílẹ̀. Mo bá ọ fi òwú àti sípíríìtì nù wọ́n kínníkínní, tiwájú tẹ̀yìn. O ò tiẹ̀ dúpẹ́."

"Àǹtí, ẹ ti pa wọ́n."

"Pa kí ni? Adìyẹ ni?"

Òdodo ni pé Àǹtí máa ń fi sípíríìtì nu gbogbo nǹkan: sísọ́ọ̀sì, bíírò, ọwọ́ ilẹ̀kùn, àní fóònù wọn. Bí wọ́n ṣe kọ́ wọn níṣẹ́ nìyẹn. Mo sáré lọ ra ẹyin kan lójúde, mo fọ́ ọ, mo da funfun rẹ̀ sínú ife, mo bu sípíríìtì lé e. Kíá ló funfun, tó sì dì bí ẹyin tí wọ́n sè.

"Ohun tó ṣe iṣẹ́ mi nìyí, Àǹtí. Bí funfun ẹyin ni ẹ́ńsáímù náà rí. Ẹ ti sè é."

Bàbá na ọrùn wo inú ife. "Ó jinná láìsí iná! Ẹ wá iyọ̀." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àǹtí jókòó.

Mo gbà pé mo lẹ́bi. Mi ò sọ fún wọn rí pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́ sípíríìtì, nítorí omi ṣúgà mi ni èèrà sì ṣe wá. Ká ní ibẹ̀ ló parí sí ni, ǹ bá sunkún, ǹ bá dárí jì wọ́n. Ohun tí wọ́n sọ lọ́sàn-án, nígbà tí aláìsàn tó kẹ́yìn ti lọ, ló ń jó mi nínú títí di òní.

"Kọ ọ́ pé ooru ló pa wọ́n," ni Àǹtí wí. "Ta ló máa bi ọ́? Ṣebí ẹ̀yin fúnra yín lẹ ní ooru lè pa á?"

"Ṣùgbọ́n ooru ò pa á."

"Yunifásítì máa fi ẹ̀dà ìjábọ̀ tí o máa kọ ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá wa. Ó ku ọdún méjì kí n fẹ̀yìn tì. Ṣé bí wàá ṣe fẹ́ kí wọ́n mọ̀ mí nìyẹn, obìnrin tó ba iṣẹ́ ìwádìí jẹ́?"

Àǹtí yìí kan náà ni! Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ wọn, mo da ìkòkò omi nù, mo ní ewúrẹ́ ni. Nítorí irọ́ yẹn, wọ́n fi mí kúnlẹ̀ lójú gbogbo ará ilé títí orúnkún mi fi bó. Mo rán wọn létí.

"Àǹtí, ewúrẹ́ ọjọ́sí ńkọ́?"

"Ewúrẹ́ ò ní owó ìfẹ̀yìntì tó ń dúró dè é," ni wọ́n dáhùn, wọ́n sì wọlé lọ.

Ẹ bá mi rò ó wò. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni ooru wa fi gbìyànjú, kò rí i pa. Tí mo bá wá kọ ọ́ pé òun ló pa á, gbogbo ẹni tó bá ka ìjábọ̀ náà á ní, "Ẹ ò rí i? Kò bá ilẹ̀ wọn mu." Wọ́n ti ní ọ̀nà wa ò dáa, wọ́n ti ní a ò ní iná, ṣé èmi ni kí n wá fi oòrùn wa kún un? Àwọn bíi bàbá mi á sì máa wá bátìrì kiri nínú ẹrẹ̀. Àyè tí mo ń wá á lọ pẹ̀lú, nítorí pé irọ́ náà túmọ̀ sí pé iṣẹ́ mi kú fúnra rẹ̀.

Tí mo bá kọ òtítọ́, ó ṣeé ṣe kí olùkọ́ mi fún mi ní pẹlẹbẹ tuntun, kí n tún bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ wà lórí ìjábọ̀ náà, ọwọ́ Àǹtí ló sì wà. Wọ́n ti sọ pé àwọn ò ní fi lu òtítọ́ yẹn láéláé. Ìyá mi ní kí n kọ ọ́ pé "ẹnì kan" nù wọ́n, kí n má dárúkọ. Òṣìṣẹ́ méjì péré ló wà ní ilé ìwòsàn náà. Ìkejì ń bẹ nílé lásìkò yẹn, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

Ọjọ́ Ajé ni olùkọ́ mi ń retí ìjábọ̀. Mo fẹ́ràn Àǹtí, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí inú máa bí mi tó báyìí. Ẹ̀yin tí ẹ ti rìn jìnnà jù mí lọ, ṣé kí n fi òtítọ́ ránṣẹ́ láìsí òǹtẹ̀, kí olùkọ́ mi má gbà mí gbọ́, kí Àǹtí sì má bá mi sọ̀rọ̀ mọ́? Àbí ọ̀nà mìíràn wà tí mi ò rí? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí Ọjọ́ Ajé tó pé.