Ìwé tí Ìyá Àgbà Kà Láti Ẹ̀yìn

Mo mọ àwòrán yà. Ẹni tó bá ní n kò mọ̀ ọ́n yà, inú ló ń bí i. Odidi oṣù mẹ́ta ni mo fi ya máńgà mi, ìyẹn ìwé ìtàn aláwòrán bíi ti àwọn ará Japan, nínú yàrá tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi jọ ń gbé nítòsí yunifásítì ní Ìkọ̀lé. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mo wá kọ́, ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá ń sọ̀rọ̀ iyẹ̀pẹ̀, idà ni mò ń yà sẹ́yìn ìwé. Ilé iṣẹ́ kan ní Èkó ń wá ayàwòrán tuntun, aago mẹ́rin ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n á sì gba fọ́ọ̀mù mọ. Tí wọ́n bá mú mi, ó dìgbóṣe fún iyẹ̀pẹ̀.

Mo fi ìwé náà han ọ̀rẹ́ mi. Ó pariwo, "Háà! Wo irun ọkùnrin yìí nínú atẹ́gùn!"

Mo ní ìtàn ńkọ́.

"Ìtàn wo? Fi ránṣẹ́ jàre."

Ìdáhùn yẹn kò jẹ́ kí ìdí mi gbélẹ̀, àfi bí ẹni tí ìjàlọ wọ̀ láṣọ. Ní ọjọ́rú, mo wọ takisí lọ sí Ìdó, mo gun ọ̀kadà dé Ùsì, lọ́dọ̀ ìyá tó bí ìyá mi.

Ẹ̀gẹ́ ni ìyá àgbà ń bó. Wọ́n nu ọwọ́ síbi ìró, wọ́n gba ìwé. Apá ọ̀tún ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ máńgà, mo sì gbàgbé láti sọ fún wọn. Bí wọ́n ṣe ń ṣí Bíbélì ni wọ́n ṣí i, ló bá di pé ìparí ni wọ́n kọ́kọ́ rí: akọni mi lórí òkè, idà lọ́wọ́. Mo la ẹnu, mo tún pa á dé. Mo fẹ́ mọ ibi tí ìtàn á ti dojú rú mọ́ wọn lọ́wọ́.

Kò dojú rú. Wọ́n ń ṣí i, wọ́n ń mi orí, títí wọ́n fi dé ìbẹ̀rẹ̀, níbi tí ọkùnrin náà ti ń jí lórí ẹní.

"Uṣẹ́ ọwọ́ rẹ dára, ọmọ mi. Ó jà tán, ó dé ulé, ó sùn."

Mo ṣàlàyé pé òdìkejì ni wọ́n kà. Wọ́n yí i padà, wọ́n tún fara balẹ̀ kà á láti ọ̀tún.

"Bákan náà ni," ni wọ́n wí. "Kí ni ọkùnrin yìí ń wá gan-an?"

"Akọni ni, Ìyá."

"Mo rí i pé akọni ni. Mo ní kí ló ń wá?"

Inú bí mi dé góńgó. Bí mo ṣe ń padà sí Ìkọ̀lé, títí mo fi kọjá Ọ̀yẹ́ ni mò ń bá wọn jà nínú ọkàn mi, pé kí ni wọ́n mọ̀ nípa máńgà. Nígbà tó yá, ojú ara mi tì mí. Ọ̀rẹ́ mi wo ìwé mi ni. Ìyá àgbà nìkan ló kà á.

Ní ọjọ́ Ẹtì, mo kọ orúkọ sínú fọ́ọ̀mù náà lórí fóònù, mo kọ ọjọ́ orí, mo fi àwòrán mẹ́wàá sí i. Ó ku àlàfo kan. Wọ́n ní kí n sọ ìtàn náà ní gbólóhùn kan. Mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́. Mo dìde, mo jókòó, mo tún kọ ọ́, mo tún pa á rẹ́. Aago mẹ́rin lù, fọ́ọ̀mù tì, kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú àlàfo náà.