Díráyà Méjì

Yẹ́misí Olúdayọ̀, onídìrí ní Kétu, kò gbà rí pé òun féèlì kẹ́mísírì. Bó ti máa ń sọ ọ́ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ni pé, "Èmi àti kẹ́mísírì ṣì ń bára wa sọ ọ́." Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti sọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ló gba F9. Ní ọdún 2004, ó ti pé ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló sì ń wù ú. Ilé ìwé nọ́ọ̀sì kò gba F9.

Tíṣà Akínbíyì, tó ń kọ́ wọn ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ ní Ìkòsì, ti là á mọ́lẹ̀: ẹni tó bá yege ìdánwò ọjọ́ Ẹtì nìkan lòun máa forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìdánwò ńlá.

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, ó ní kí Yẹ́misí wá ya ìdè kofálẹ́ǹtì sójú bọ́ọ̀dù, bí háídírójìn méjì ṣe ń ṣíà ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù. Ọ̀rọ̀ ṣíà kò ṣàjèjì sí Yẹ́misí. Ní Kétu, ẹni tó bá ní ká ṣíà nǹkan, ọ̀bẹ ló ń wá. Ó ya róbótó méjì, ó fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan sínú wọn, ó fi àyè ńlá sáàárín.

"Aunty Yẹ́misí, ìdè ńkọ́?"

"Wọ́n ti ṣíà á tán, Tíṣà. Oníkálukú ti gba tiẹ̀ lọ sílé."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà kò rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni, iyì rẹ̀ ṣì tuntun.

"Ṣíà tibí kì í ṣe pínpín, Aunty. Àjọní ni. Ẹyọ kan ni háídírójìn kọ̀ọ̀kan ní, méjì ló sì ń wá kí ara rẹ̀ tó balẹ̀. Wọ́n á kó méjèèjì sáàárín, kálukú á máa ka méjì."

"Kálukú á ka méjì? Ṣé irọ́ kọ́ nìyẹn?"

"Ìdè ni."

"Ẹ ò ṣe tètè sọ! Èmi àti Kẹ́misọ́lá nìyẹn!"

Kẹ́misọ́lá ni onídìrí tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kan ti Yẹ́misí. Díráyà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ní, wọ́n gbé méjèèjì sẹ́nu ọ̀nà tó so ṣọ́ọ̀bù wọn pọ̀. Bí oníbàárà bá béèrè iye tó wà nílẹ̀, ẹnikẹ́ni nínú wọn á dáhùn láìṣẹ́jú pé, "Méjì." Wọ́n jà lọ́dún tó kọjá, Kẹ́misọ́lá gbé tiẹ̀ lọ. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí eṣinṣin fi di oníbàárà wọn. Òun náà ló gbé e padà, ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ìdè inú omi ni wọ́n ní kí wọ́n yà nínú ìdánwò. Yẹ́misí ro ọ́síjìn wò bí oníṣọ́ọ̀bù tó ní ẹnu ọ̀nà méjì: ó ní mẹ́fà níta, mẹ́jọ ló ń wá. Ó fi háídírójìn kan sí ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, ó fi méjì-méjì sáàárín wọn, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹni tó bá gbé tiẹ̀ kúrò, àwọn méjèèjì ni yóò ṣófo."

Orúkọ rẹ̀ ni Tíṣà kọ́kọ́ kọ sílẹ̀. Ó gbé àyà síwájú. "Aunty, ẹ rí i pé èmi ni mo kọ́ yín tẹ́ ẹ fi yege."

"Ẹ máa kà á mọ́ tiyín, Tíṣà," ni Yẹ́misí wí. "Kẹ́misọ́lá náà ń kà á mọ́ tiẹ̀."