Orin Tí Kò Ga Ju Ọ̀fun Fọláyọ̀ Lọ

Ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù Kejì ọdún 1996 ni Fọláyọ̀ Àkànó àti Gbémisọ́lá kọ́kọ́ pàdé, nínú yàrá ìgbàlejò òtẹ́ẹ̀lì kékeré kan ní Ring Road. Fọláyọ̀ ti pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ó fi ìborùn wé ọrùn bí ẹni tí òtútù ń mú, bẹ́ẹ̀ oòrùn ń ta gan-an lójú títì. Gbémisọ́lá, ọmọbìnrin tí ó ń bójú tó ẹ̀rọ karaókè níbẹ̀, ni ó fà á lọ́wọ́ wọlé.

"Àǹtí, ẹ máa bọ̀. A kì í ta ọtí ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, mínírà nìkan ni. Ẹ ò ní bá pásítọ̀ yín pàdé níbí."

"Ta ni ó sọ fún ọ pé mo ní pásítọ̀?"

"Bí ẹ ṣe ń wo ẹ̀yìn ni."

Karaókè ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ Ìbàdàn nígbà náà. Ẹ̀rọ náà a máa lu orin òyìnbó láìsí ohùn akọrin nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ orin a sì máa jáde lójú tẹlifíṣàn, kí ẹni tí ó di gbohùngbohùn mú lè máa wò ó kọ. Àwọn obìnrin tí wọ́n ṣíwọ́ iṣẹ́ ni wọ́n máa ń wá ní Ọjọ́bọ̀: akọ̀wé, nọ́ọ̀sì, àti Àmúdàtù tí ó ń ta aṣọ ní Dùgbẹ̀, tí ẹ̀rín rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé.

Kì í ṣe fàájì ni Fọláyọ̀ bá wá. Tíṣà ni ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Agbowó, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ni gbogbo ènìyàn fi mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ó wà ní ọmọdé ní Ẹlẹ́yẹlé, àwọn apẹja a máa dá àjẹ̀ wọn dúró kí wọ́n lè gbọ́ orin tí ó ń kọ bí ó ti ń fọ abọ́ létí omi. Ohùn yìí kan náà ni ó gbé e dé iwájú àwọn tírébù, èyíinì ni àwọn obìnrin tí ń kọ ohùn òkè, nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Onítẹ̀bọmi tí ó ń lọ ní Bódìjà. Ohùn náà ni Bàbá John, ọkọ rẹ̀, kọ́kọ́ gbọ́ kí ó tó rí ojú rẹ̀. Ní ọdọọdún, bí Ọjọ́ Àjíǹde bá dé, Fọláyọ̀ ni ó máa ń dá kọ orin ńlá ìjọ.

Ní ìparí ọdún 1995 ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ gẹ̀gẹ̀ fún un. Gẹ̀gẹ̀ lọ, àpá kù, ṣùgbọ́n ohùn òkè kò padà. Bí ó bá ti ń gun orin lọ, ohùn náà a já bí okùn tí ó ti gbó. Ọ̀gbẹ́ni Oyèṣọlá, ọ̀gá àwọn akọrin, fi pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé òun yóò fi ààyè rẹ̀ pamọ́ títí di ìparí oṣù Kẹta. Bí kò bá tíì lè kọrin nígbà náà, Ṣemílóore, ọmọbìnrin tí Fọláyọ̀ fúnra rẹ̀ kọ́ ní orin, ni yóò bọ́ sí ipò náà.

Kò lè dánra wò nílé. Àwọn alájọgbélé ń gbọ́, àánú rẹ̀ tí ó sì ń ṣe wọ́n dùn ún ju ojú abẹ lọ. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ àfikún ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Kò sì sọ fún Gbémisọ́lá náà pé nǹkan kan ń bẹ tí òun ń wá.

"Èwo ni ó rọrùn jù nínú àwọn orin yìí?" ni gbogbo ohun tí ó béèrè.

"Orin tí ó rọrùn fún obìnrin ni èyí tí ègbè rẹ̀ tètè ń dé, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í sáré, tí ohùn rẹ̀ kì í gun àkàbà. Ẹ jẹ́ kí n bá yín wá a."

Ó wá orin obìnrin òyìnbó kan tí ó ń bẹ olólùfẹ́ rẹ̀ pé kí ó má tíì lọ. Fọláyọ̀ dúró ṣánṣán, ó sì pe ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan já gaara. Àmúdàtù bú sẹ́rìn-ín.

"Tíṣà, ọkùnrin yìí á sá lọ o! Ẹ ń bẹ̀ ẹ́ bí ẹni tí ń pe rẹ́jísítà!"

"Kí ni kí n wá ṣe?"

"Ẹ mi ìdí díẹ̀! Ṣé ìdí náà wà lára ohun tí wọ́n rì bọmi ni?"

Fọláyọ̀ rẹ́rìn-ín, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti yọ òwú tí wọ́n fi rán ọrùn rẹ̀.

Láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, orin ń le sí i, ohùn rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé e. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, ó yan orin kan tí ó mọ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀, èyí tí ìparí rẹ̀ ga fíofío. Ó fi ọwọ́ kan àpá náà, ó mí kanlẹ̀, ó sì gbé e. Ohùn dé ibẹ̀, kò já. Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́, omijé sì bọ́ lójú Fọláyọ̀. Gbémisọ́lá nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó tẹríba, ó ń tún wáyà tí kò bàjẹ́ ṣe.

Fọláyọ̀ wọ takisí lọ sí Bódìjà lójú ẹsẹ̀.

"Ọ̀gá, ohùn ti dé."

"Ṣé ó dá yín lójú, arábìnrin?" ni Ọ̀gbẹ́ni Oyèṣọlá bi í.

"Ó dá mi lójú, sà."

Nítorí ìdánilójú yìí ni Fọláyọ̀ fi ní kí Bàbá John wá sí ìdánrawò ọjọ́ Sátidé. Ọkùnrin náà jókòó sẹ́yìn, ó gbé fìlà lé orúnkún. Dùrù bẹ̀rẹ̀. Orin gòkè, ohùn já. Fọláyọ̀ tún un bẹ̀rẹ̀, ohùn tún já níbi kan náà. Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín, ìyẹn gan-an ni ó sì burú. Ṣemílóore ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Ṣé ẹ ò lè sọ ohùn orin náà kalẹ̀ díẹ̀, sà?" ni Fọláyọ̀ bẹ̀ ẹ́.

"Bí mo bá sọ ọ́ kalẹ̀, abẹ́ ilẹ̀ ni àwọn báàsì yóò ti máa kọ tiwọn. Ẹ wá bá àwọn áítò jókòó, arábìnrin. Ohùn ìsàlẹ̀ náà ń yin Ọlọ́run."

Ní Ọjọ́bọ̀ tí ó tẹ̀ lé e, kò kí ẹnikẹ́ni nígbà tí ó wọ òtẹ́ẹ̀lì náà.

"Ẹ̀rọ rẹ purọ́ fún mi."

"Ẹ̀rọ kọ́, Àǹtí. Èmi ni." Gbémisọ́lá fi bọ́tìnì kékeré kan hàn án. "Èyí ni mo fi ń sọ ohùn orin kalẹ̀. Gbogbo obìnrin tí ó ń wá síbí ni mo ń ṣe é fún, kí ara lè tù wọ́n. Ẹ ò sọ fún mi pé ìdánwò ni tiyín."

"O rí omijé mi. O rí i, o dákẹ́."

"Mo rí i, mà. Ẹnu mi ni kò gbà á."

Fọláyọ̀ mú gbohùngbohùn. "Gbé ohùn orin ìjọ́sí padà sí bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gan-an." Ó kọ ọ́, ohùn já. "Sọ ọ́ kalẹ̀. Ojú mi ni kí o ti ṣe é." Gbémisọ́lá tẹ bọ́tìnì náà, ó tún un tẹ̀, títí ohùn fi rí ibi jókòó sí: ohùn tí ó ki, tí ó ṣókùnkùn, tí kò jọ ti ọmọ etí omi Ẹlẹ́yẹlé rárá.

"Tíṣà, èyí náà dùn o," ni Àmúdàtù wí, láìṣe yẹ̀yẹ́.

"Mi ò mọ ẹni tí ó ni ín," ni Fọláyọ̀ dá a lóhùn.

Ní Ọjọ́ Àjíǹde, Ṣemílóore dá kọ orin ńlá náà, ó sì kọ ọ́ dáadáa. Fọláyọ̀ jókòó láàárín àwọn áítò, ètè rẹ̀ ń mì, ṣùgbọ́n ohùn kò jáde. Bàbá John ti mọ ibi tí ìyàwó rẹ̀ máa ń lọ ní Ọjọ́bọ̀. Kò bá a wí. Ṣùgbọ́n bí Fọláyọ̀ bá ń fọ abọ́, ọkùnrin náà a dín ohùn rédíò kù, a sì tẹ́tí. Títí di òní, abọ́ nìkan ni ó ń gbọ́.

Òtẹ́ẹ̀lì yẹn nìkan ni Fọláyọ̀ ti ń lanu kọrin báyìí. Ó ti ní kí Gbémisọ́lá má ṣe fọwọ́ kan bọ́tìnì mọ́, nítorí pé orin tí ó bá ọ̀fun òun mu láti ìpìlẹ̀ ni òun fẹ́. Irú rẹ̀ kò sì pọ̀ nínú àpótí tí Gbémisọ́lá ń kó káṣẹ́ẹ̀tì sí, nítorí pé púpọ̀ nínú orin obìnrin òyìnbó ni ó máa ń gòkè lójijì nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí ó parí. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, bí ẹ bá ní káṣẹ́ẹ̀tì karaókè ti orin òyìnbó tí obìnrin fi ohùn ìsàlẹ̀ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa fi ránṣẹ́ sí Gbémisọ́lá ní òtẹ́ẹ̀lì náà, kí ẹ sì kọ ibi tí ó ga jù nínú rẹ̀ sára páálí rẹ̀.