Ọjọ́ Tí Mo Tún Táǹkì Edé Ṣe

Ọjọ́ tí mo fọ táǹkì tí ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Délé, ti ń sin edé ni n kò lè gbàgbé láyé. N kò tíì lo oṣù kan nílé wọn ní Farmers Branch, nílùú òyìnbó. Ìyá mi ti kìlọ̀ pé àlejò kì í jókòó káwọ́ lẹ́rán. Bí Bọ̀dá ṣe lọ síbi iṣẹ́, mo wọ gáréèjì, yàrá ọkọ̀ tí táǹkì náà wà, mo kó gbogbo àfọ́kù páìpù inú táǹkì dà sínú ike ìdọ̀tí.

Mo fẹ́ padà wọlé, ilẹ̀kùn ti tì mọ́ mi. Fóònù mi wà nínú ilé, n kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí ilẹ̀kùn ńlá tí ọkọ̀ ń gbà. Gáréèjì gbóná bí ààrò.

Edé kan bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ èèpo. Ara rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ. Ó sá kiri, kò ríbi wọ̀. Àwọn yòókù ká a mọ́ igun, wọ́n jẹ ẹ́ láàyè. Kí n tó ki ọwọ́ bọ omi, ó ku orí nìkan. Òmíràn tún ń bọ́ èèpo.

Bọ̀dá dé nírọ̀lẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Ibi tí àwọn edé ń sá pamọ́ sí lo kó sínú ike yẹn," ni wọ́n wí. "Ta ló bẹ̀ ọ́ níṣẹ́?"

"Ẹ má bínú, sà. Mo ṣe é kí ẹ má baà lé mi jáde ni."

Wọ́n yọ kọ́kọ́rọ́ ilé kan lára tiwọn, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́.

Ó ṣì wà lápò mi dòní. Páìpù tèmi nìyẹn.